Àwọn Àgùntàn Stainmore àti Ihò Abẹ́ Títì

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fi irin dí àlàfo tí àwọn ẹran ń gbà sọdá títì. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹranko kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà títì tí wọ́n ń pè ní A66 yìí mọ́, ìbáà jẹ́ àgùntàn, ìbáà jẹ́ màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí àwọn aláṣẹ títì fi ránṣẹ́ sí Winifred Raine ṣe wí. Ọjọ́ Ajé ló wà báyìí, àgùntàn ọ̀ọ́dúnrún àti méjìlá tí Winifred ní sì wà lórí òkè, ní apá gúúsù títì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ilé rẹ̀, pápá rẹ̀, àti abà tí wọ́n ti ń rẹ́ irun wọn wà ní apá àríwá.

Títì náà kì í ṣe àlejò lójú Winifred. Etí rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó di ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Workington ló ti bẹ̀rẹ̀, létí òkun ìwọ̀-oòrùn. Ó gba Cockermouth, ó gba ẹ̀bá adágún lọ sí Keswick, ó dé Penrith, ó dé Appleby, ó dé Brough, jẹ́jẹ́ ló sì ń rìn títí dé ibẹ̀. Láti Brough ló ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n òkè. Stainmore ni góńgó rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jà bí ọkùnrin tí wọ́n gba ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀ kalẹ̀ sí Bowes, ó ré Scotch Corner àti Darlington kọjá, ó sì lọ parí lẹ́yìn Middlesbrough, nítòsí òkun ìlà-oòrùn.

Ìwà rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Níbì kan, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ mẹ́rin lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kó tó pẹ́, ó tún ti há, àfi kí gbogbo ayé máa tò tẹ̀lé tírélà kan ṣoṣo. Awakọ̀ tó ti ń wo ẹ̀yìn tírélà láti Penrith, sùúrù rẹ̀ á ti tán. Bó bá ti rí i pé ibi fífẹ̀ fẹ́ tán, á sáré kó lè kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti pàdé ikú. Bí afẹ́fẹ́ bá le, tírélà òfìfo ló máa ń kọ́kọ́ dojú dé. Bí yìnyín bá bò ó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin ní Brough, wọ́n á ti òmíràn ní Bowes, àwọn tó bá há sáàárín á wá kan ilẹ̀kùn Winifred. Ọdún kan wà tí awakọ̀ mẹ́sàn-án jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, tí wọ́n mu gbogbo tíì tó wà nílé tán.

Nítorí ikú wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe ń fẹ títì náà, kó lè fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òkè dé ìparí rẹ̀. Winifred kò ta kò ó. Ó mọ orúkọ méje nínú àwọn tó kú níwájú ọgbà rẹ̀.

Wọ́n sì ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ihò kan sábẹ́ títì, gígùn rẹ̀ tó ogójì ìṣísẹ̀, kí àwọn àgùntàn lè máa gba ibẹ̀ bọ̀ wálé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ irun wọn, kí wọ́n sì máa gba ibẹ̀ padà sókè. Ohun tó kù ni kí àwọn àgùntàn gbà.

Òkè Stainmore kò ní ọgbà. Kò sí ògiri láàárín òkè Winifred àti ti aládùúgbò rẹ̀. Abo àgùntàn ló ń mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí, òun ló ń fi han ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á sì fi han tirẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ láti ìgbà bàbá bàbá Winifred nìyẹn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ́ wọn. Bí wọ́n bá kó wọn kúrò lórí òkè náà láìpadà, ìmọ̀ ọ̀hún ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá ta irú wọn ti ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò sì ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Lanty Hewetson, aládùúgbò Winifred, mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún tí àjàkálẹ̀ àrùn mú ẹran, ìjọba pa gbogbo àgùntàn rẹ̀, wọ́n sì sun wọ́n. Ó ra òmíràn láti ọ̀nà jíjìn. Títí di òní, lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí Lanty bá jí láàárọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ wádìí abúlé tí àwọn àgùntàn rẹ̀ sùn sí.

Bí àwọn àgùntàn Winifred bá kọ ihò náà, títà ló kù. Afárá tó sún mọ́ wọn jù jìnnà tó máìlì mẹ́fà, títì náà gan-an ni wọ́n sì máa rìn kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, Winifred múra sí i. Ó po oògùn apakòkòrò sínú garawa omi mẹ́fà, ó mú ìgbálẹ̀ olójú líle, ó sì fọ ihò náà láti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Kò sẹ́ni tó rán an. Láti ọdún àrùn yẹn, kò sẹ́ni tó ń wọ ọgbà Winifred láìtẹ bàtà bọ inú oògùn yẹn, títí kan àlùfáà ìjọ. Àrùn náà pa ẹran yí i ká, kò kan tirẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé oògùn ló gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ títì ti fi bàtà ibi gbogbo rìn nínú ihò yẹn. Kò ní jẹ́ kí àgùntàn òun tẹ ibẹ̀ láìfọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kó àwọn àgùntàn sọ̀ kalẹ̀. Winifred wà lẹ́yìn, Moss ajá rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, Lanty wà lósì pẹ̀lú ọ̀pá. Nasreen Mahmood, ẹnjiníà tó ń bójú tó ihò náà, dúró lórí bèbè pẹ̀lú akoto funfun lórí. Ọmọ Middlesbrough ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Àgùntàn tó ṣíwájú ni èyí tí wọ́n ń pè ní Oníwo-Kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, òun sì làwọn tó kù máa ń tẹ̀ lé. Ó dé ẹnu ihò, ó na ọrùn, ó gbóòórùn. Ó wá fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀ gbì. Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Lanty ṣubú.

Lanty ní, "Winnie, wọ́n ní kí ìwọ kọ́kọ́ wọlé, kí o wá ròyìn fún àwọn."

"Dúró síbi tí mo ní kí o dúró sí. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ yọ, irun tìrẹ ni màá rẹ́ dípò rẹ̀."

"O ti pẹ́ jù. Wo orí mi, ó ti pá."

Nasreen sọ̀ kalẹ̀ wá. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé òkùnkùn ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Mo lè ní kí wọ́n gbé iná síbẹ̀. Bàbá Hewetson, kí lẹ rò?"

"Ta ni bàbá? Èmi tí mi ò tíì gbéyàwó!"

"Gbé iná náà wá, ọmọ mi," Winifred dáhùn. "Má dá a lóhùn."

Wọ́n gbé iná wá. Ọ̀rọ̀ tún wá burú sí i. Nígbà tí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àgùntàn ti ń gbọ̀n, Winifred sì dá wọn dúró.

Lọ́jọ́ Rú, ó da oúnjẹ dídùn sílẹ̀ láti ẹnu ihò wọ inú. Àwọn àgùntàn jẹ èyí tó wà níta, wọ́n sì fi èyí tó wà nínú sílẹ̀. Nasreen lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó pẹ́ kó tó padà.

"Mo bẹ̀ wọ́n, mà. Wọ́n ní irin ti wà nílẹ̀, àwọn tó máa rì í mọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ láti Darlington. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ. Wọn ò yí i padà."

"O gbìyànjú," ni Winifred wí. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń ro ẹni tó máa pè sí orí ọ̀rọ̀ títa náà.

Lọ́sàn-án, nígbà tí Lanty àti Nasreen lọ mu tíì nínú ahéré àwọn òṣìṣẹ́, Winifred jókòó sí ẹnu ihò pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ́wọ́. Lórí rẹ̀, àwọn tírélà ń kọjá lọ, kọnkéré náà ń hó. Ó ju wàràkàṣì díẹ̀ sínú ihò fún Moss.

Moss kò wọlé.

Winifred wò ó. Ajá tó ń lé eku wọ inú páìpù tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ ni Moss. Òkùnkùn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ìrù sáàárín itan, ó ń sín. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ri àgùntàn bọ omi oògùn tó ń pa eégbọn ara wọn ni, nítorí pé wọ́n máa ń ri òun náà bọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn.

Winifred dìde. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, òórùn oògùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde wá, kí ajá wà lẹ́yìn, kí èèyàn máa pariwo. Àgùntàn wo ló máa wọ ibẹ̀? Gbogbo wọn ló mọ ohun tó máa ń wà ní ìparí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kòtò omi oògùn ni. Wọ́n á tì wọ́n sínú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ orí wọn rì.

Ojú tì í kó tó dé ahéré náà. Ó rò ó pé òun ì bá kúkú dákẹ́, kí òun dá tún un ṣe, àmọ́ kò sí àyè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tó ṣe.

Lanty gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí o ní kí àlùfáà tẹ bàtà bọ oògùn!"

"Rẹ́rìn-ín tán, kí o lọ gbé katakata rẹ wá."

"Kí n fi kó kí ni?"

"Koríko tí àwọn àgùntàn bímọ lé nínú abà mi. Pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Kí ihò yẹn lè rùn bí ilé wọn."

Nasreen di orí mú. "Mà, ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo ihò yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti sọ fún un pé ó mọ́ tónítóní."

"Àgùntàn ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni, àbí ọ̀gá rẹ?"

Ọmọbìnrin náà dé akoto rẹ̀. "Ọkọ̀ omi wa wà lókè. Ẹ jẹ́ ká fi omi lásán ṣan oògùn yẹn kúrò ná."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣan án. Lanty kó koríko ẹlẹ́gbin wá lẹ́ẹ̀mejì, Winifred àti Nasreen sì fi àmúga oko tẹ́ ẹ láti ẹnu dé ẹnu. Bí ìgbẹ́ ṣe ta sí aṣọ iṣẹ́ dídán Nasreen, Lanty ní, "Wọ́n ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹgbẹ́. Ẹnjiníà tó bá Winnie rìn ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ kó tiyín dànù sí apá ibí," ni Nasreen fèsì. Lanty kò sì bá a jiyàn lórí bàbá mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tún kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Winifred kò pariwo, ó ní kí Moss jókòó. Oníwo-Kan dé ẹnu ihò, ó gbóòórùn, ó sì dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ àgùntàn kan tí kò mọ nǹkan kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ń fo lórí koríko. Ìyá rẹ̀ ké, ó sáré tẹ̀ lé e. Òmíràn tẹ̀ lé ìyẹn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí omi tó já ìsé. Winifred gbọ́ ohùn wọn ní apá kejì, nínú pápá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di ògiri mú.

Oníwo-Kan nìkan ló ṣẹ́kù. Ó wo ihò náà, ó yíjú padà, ó gun bèbè lọ sókè, sí ibi àlàfo.

"Ó ń lọ sí títì!" Nasreen ti ń sáré, ó ń kígbe sínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé pátákó pupa sókè ní apá méjèèjì. Tírélà kan tó ń bọ̀ láti Bowes mí fùùù, ó dúró, àwọn tó kù sì tò sẹ́yìn rẹ̀ títí dé kọ́nà.

Winifred gun òkè dé ibẹ̀. Kò lé e. Ó ń tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àgùntàn náà rìn bó ṣe máa ń rìn, ó dúró láàárín ọ̀dà, ó gbóòórùn ìlà funfun.

Awakọ̀ tírélà yọrí. "Ìyá, ṣé kí n gbé e kọjá ni?"

"Má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó mọ̀nà."

Ọkọ̀ kékeré kan fun fèrè lẹ́yìn. Awakọ̀ tírélà yọrí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kí ni? Ṣé ìwọ náà fẹ́ rẹ́ irun ni?" Ọkọ̀ kékeré náà dákẹ́.

Oníwo-Kan fò sọ̀ kalẹ̀ sí apá àríwá, ó lọ bá àwọn yòókù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹko.

Lanty wá dúró ti Winifred lẹ́bàá ògiri òkúta. "Ọ̀ọ́dúnrún àti mọ́kànlá gba ìsàlẹ̀. Ọ̀kan gba òkè."

"Kò ní lè padà sórí òkè mọ́," Winifred wí. "Inú pápá níbí ló máa gbé títí á fi kú."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

"Kí ni màá ṣe? Ó ti kọ́ àwọn tó kù."

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ri irin mọ́lẹ̀ sí àlàfo náà, Winifred gbọ́ ariwo rẹ̀ láti inú abà. Àgùntàn kẹrin ọjọ́ náà ló wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ti rẹ́ irun rẹ̀ dé ìdajì. Kò gbójú sókè.