Ehoro Oyèlékè, Igi Obì Títíloyè

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Bìní ń ṣe àríyànjiyàn lọ́dún 1978: nínú ehoro igbó àti igi obì, èwo ló wúlò jù? Ẹni tó bá borí ni yóò di agbẹnusọ ẹgbẹ́, obìnrin kankan kò sì tíì ṣe é rí. Igi obì ló kan ọmọbìnrin kan, Títíloyè; ehoro ló kan Oyèlékè.

Oyèlékè gbé ehoro gidi wá nínú apẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá eré rèé! Igi tìẹ ńkọ́, Títí? Ṣé ó ti ṣípò padà láti àná?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Oyèlékè ṣí apẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n wò ó. Fìrì! Ehoro ti gba ojú fèrèsé lọ.

Ni Títíloyè bá dìde. "Bùrọ̀dá Oyèlékè, kí lẹ̀ ń jẹ lẹ́nu?"

"Èmi kẹ̀?"

Ó yanu, eyín rẹ̀ pupa fòò. Obì tí alága fi ṣí ìpàdé ló ń run!

Títíloyè kọjú sí gbọ̀ngàn: "Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí tó lè sáré ti sá fi Bùrọ̀dá sílẹ̀. Èyí tó dúró lójú kan ló ń bọ́ wọn!"

Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Oyèlékè fúnra rẹ̀, pẹ̀lú obì lẹ́nu, ló kọ́kọ́ kígbe: "Agbẹnusọ wa!"