Kò Fi Ẹ̀mí Rẹ̀ Lélẹ̀

Ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń dùn ún, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, á gbé rédíò lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà láyé, tí a jọ fọ aṣọ ilé ìwòsàn fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Àbúrò mi ọkùnrin náà wà láyé, àbíkẹ́yìn ìyá wa, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Àìsàn ló mú ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sì ti sunkún wọn tán. Ti àbúrò mi ni mi ò tíì sun tán. Ìbínú ò jẹ́ kí ẹkún ráyè.

Agẹrun ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá ìdáná lọ: àga kan, dígí kan tó ti sán ní igun, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Ẹ̀sìn bàbá wa ni òun mú, ó ń lọ sí mọ́sáláṣí. Ẹ̀sìn ìyá wa ni èmi mú, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A ò torí ẹ̀ jà rí. Pásítọ̀ wa ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, àáfà wọn náà ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà mìíràn àwọn méjèèjì á pàdé lórí bẹ́ǹṣì, àbúrò mi á ní, "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ tò o. Abẹ ò mọ ẹni tó gbàdúrà jù."

Káàdì ìdánimọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ìjọba ní kí oníkálùkù gba tuntun. Àbúrò mi gba tirẹ̀, ó gbé e wá hàn mí, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà. Ìwé kíkà mi ò yá, ṣùgbọ́n ó dájú. Mo ní, "O-bìn-rin."

"Ẹ gbọ́ ná! Tòun ti irùngbọ̀n yìí!"

Ọkọ mi gbójú kúrò lára rédíò. "Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o. Abọ́ wà nílẹ̀, ẹ wá bá wa fọ̀ ọ́."

A rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wa. Ó padà lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kó lọ kó bọ̀. Ó tún lọ, wọ́n ní ẹni tó ń tún un ṣe ò wá síṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó lọ ni àwọn apànìyàn gbé bọ́ǹbù wá bá wọn níbẹ̀.

Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kú lórí ìlà. Aláboyún kan wà nínú wọn. Àwọn tó gbé e wá pariwo orúkọ Ọlọ́run kí ó tó bú. Orúkọ Ọlọ́run! Orúkọ tí àbúrò mi ń pè kí ó tó bu òkèlè sẹ́nu. Wọ́n fi bo ìkà wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ funfun bo ìgbẹ́.

Bí a bá sì ń sunkún, à á máa ríran. Kò sí ọ̀gá kan tó kú. Ẹyọ kan! Ilé alájà mẹ́rin, ọ̀gá ló kún òkè rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń gbá ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí sọ fún wa pé òfìfo ni ibẹ̀ wà láti àárọ̀, òun rò pé ìsinmi ni. Ẹnìkan ti ta wọ́n lólobó. Wọ́n jókòó sílé ti ìyàwó ti ọmọ. Wọn ò ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọn ò sọ fún àwọn tó wà lórí ìlà pé kí wọ́n máa lọ. Wọn ò fẹ́ kí ìlú máa wí pé ẹ̀rù ń ba ìjọba. Ẹ̀rù kúkú ń bà wọ́n. Ojú ló ń tì wọ́n pé a lè mọ̀.

Nígbà tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ bọ́ sórí pẹpẹ, ó ń wí pé "àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn wọ̀nyẹn." Irun orí rẹ̀ ṣì tò bí àbúrò mi ṣe gẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo dìde láàárín ìjọ.

"Pásítọ̀, ta ló gẹ orí tí ẹ fi ń wàásù yẹn?"

Mo gba ilé lọ, odindi ọdún kan ni mi ò fi padà síbẹ̀.

Bí mo ṣe délé, mo bá àáfà tó wá kí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Màmá, ẹ gba kámú. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Àáfà, Ọlọ́run wo ló gbé bọ́ǹbù wọlé? Ẹ má dì í rù ú. Èèyàn ló ṣe é. Wọ́n lọ́wọ́, wọ́n lẹ́sẹ̀, ìyá ló bí wọn."

"Ìyá wọn, rọra," ọkọ mi wí.

Mo ní kó lọ sọ fún rédíò rẹ̀ kó rọra.

Wàhálà tó kù, báàgì iṣẹ́ àbúrò mi ló fà á. Ó gbé e dání lọ́jọ́ náà torí ó fẹ́ ti ibẹ̀ lọ gẹrun fún bàbá arúgbó kan tí kò lè rìn mọ́. Sísọ́ọ̀sì, kóòmù, abẹ márùn-ún. Ọlọ́pàá rí abẹ, wọ́n rí irùngbọ̀n, wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó tán. Ìwé ìròyìn gbé e pé wọ́n bá abẹ lára ọkùnrin kan. Wọn ò kọ ọ́ pé agẹrun ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òbí mẹ́fà ti mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ògiri fi ká ọmọ náà lára. Ìjọba fẹ́ mọ ògiri kan, wọ́n fẹ́ fín orúkọ àwọn mọ́kànlélógójì sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀ pé wọ́n pa á ni, kì í ṣe òun ló pànìyàn. Àgbà ìdílé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, èmi ni mo wá di àgbà.

Orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé náà ni ọmọ àbúrò mi ti di ọwọ́ mi mú. "Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà o. Ẹ kàn tẹ̀ka ká máa lọ."

Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ kò ju ọmọ ọmọ mi lọ. Kí n tó jókòó ló ti ṣí páálí tàdáwà sílẹ̀. Kò bi mí bóyá mo mọ̀wé. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi tí ọṣẹ ti jẹ, ó ti parí ìṣirò rẹ̀.

"Màmá, àtàǹpàkò yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí."

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn?"

"Orúkọ bàbá ni. Pé ẹ gbà kí wọ́n fín in sára ògiri."

"Èyí tó gùn lábẹ́ orúkọ ńkọ́?"

"Áà, Màmá, ọ̀rọ̀ ìyìn lásán ni."

Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀, mo gbé ìka lé e. Akọ̀wé wo aago. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó débi tí mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo débẹ̀: *Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ tọkàntọkàn fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.*

"Ta ló fi ẹ̀mí lélẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Màmá. Bákan náà ni ti gbogbo wọn."

"Ọmọ mi, mo ti fi ẹrù lélẹ̀ rí. Ohun tí èèyàn bá fi lélẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Àbúrò mi ò gbé nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ pa ìyẹn rẹ́, kí ẹ kọ 'wọ́n pa á.'"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ehín ń dùn. "'Wọ́n' wo, Màmá? Tí a bá kọ 'wọ́n,' àwọn èèyàn á máa bèèrè pé àwọn wo."

"Kí wọ́n bèèrè!"

Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé yí, tí n ò bá tẹ̀ka lónìí, orúkọ á kúrò níbẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Màmá Àgbà, nítorí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń sá fún ní kíláàsì. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń wo báàgì yín kí ẹ tó wọ mọ́tò."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, mo gbé e sókè, ó dúdú minijọ. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Ẹni tó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀, ta lẹ fẹ́ mú fún un? Ta lẹ fẹ́ bi pé níbo lo wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi ni wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn ẹjọ́. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù wá á máa lọ, àwọn tó jókòó sílé á máa lọ, èmi ni mo dá wọn sílẹ̀.

Mo nu ìka sára aṣọ mi. Mo gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, mo sì fi lẹ́tà mi tó wọ́ kọ ọ́ gàdàgbà lórí ọ̀rọ̀ ìyìn wọn: WỌ́N PA Á.

"Màmá! Ẹ ti ba ìwé ìjọba jẹ́!"

"Ìwé lò ń káàánú?"

Orúkọ ogójì ló wà lára ògiri náà. Ọmọ àbúrò mi fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó kó lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì lọ láì kí mi. Mi ò bá a wí. Mo gbá òótọ́ mọ́ra, òun ló sì san gbèsè rẹ̀. Inú ń bí mi sí ara mi náà lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé ìwé yẹn wá lónìí, mi ò ní tẹ̀ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Kò gùn. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ń bèèrè bàbá àgbà wọn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn bó ṣe rí gan-an, n má fi nǹkan kan kún un. Bó ṣe rí nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àbúrò mi yà lọ́dọ̀ wa láàárọ̀, ó mu tíì lórí ìdúró, ó ní ó gbóná jù, ó tún mu ún. Ó tún ẹ̀yìn ọrùn ọkọ mi gẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bi mí bóyá mo ní bọ́tìnnì dúdú kan, ti ẹ̀wù rẹ̀ ti já. Mo ní kó dúró kí n wá a. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, òun á gbà á nígbà náà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, tí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí i, sọ fún wa pé ó ń ráhùn ṣáá. Ó ní ooru pọ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó ní bàbá kan ń retí òun. Ó ní òun á fún wọn di aago mọ́kànlá, tí wọn ò bá tíì pe òun, òun á máa lọ sílé. Ó ṣì ku èèyàn mẹ́sàn-án níwájú rẹ̀. Aago mọ́kànlá ò bá a láyé.