Èèkàn Mẹ́fà Níwájú Mọ́ṣáláṣí

Kí ẹ tó kí mi kú oríire pé wọ́n dìbò yàn mí ní káńsẹ́lọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo bá kírun Àsùbáà tán, n kò ní tíì mu ẹ̀kọ tí wọn yóò ti dé. Ewúrẹ́ lágbájá jẹ èlùbọ́ tí tàmẹ̀dò sá sóòrùn. Ẹnì kan fi igi dí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní kí káńsù bá òun bá àkùkọ aládùúgbò òun wí, nítorí pé ó ń kọ ṣáájú ládàánì. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ mi, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìsẹ́yìn, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti di káńsẹ́lọ̀, aláǹtakùn ló ń bá mi hun aṣọ lórí òfì.

Nínú gbogbo wọn, Àwáwù nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Opó ni, ilé rẹ̀ ló kángun sí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, níbi tí gbogbo àgbàrá ń gbà. Lọ́dún tó kọjá, òjò wó ògiri yàrá kan lé àwo àti ìkòkò rẹ̀ lórí. Ògiri yàrá tí òun àti Mùtíátù ọmọ rẹ̀ ń sùn ti tẹ̀, igi méjì ló fi gbé e ró. Àràárọ̀ ló ń wá. Yóò kí mi, yóò jókòó sí ìdí òpó, yóò ní, "Baba Àsánì, mo ní kí n rán yín létí ni." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dùn mí ju ariwo àwọn yòókù lọ.

Mo lọ sí káńsù títí ojú fi ń tì mí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún wa ní gọ́tà kan, láti iwájú mọ́ṣáláṣí dé etí odò. Ní ọjọ́ Ajé, sọ́fẹ́yọ̀ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà, wo ilẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó kan èèkàn mẹ́fà mọ́lẹ̀, ó kun orí wọn ní pupa.

"Ní Ọjọ́rú, àwọn lébìrà yóò dé," ó ní. "Ibi tí èèkàn bá wà ni wọn yóò gbẹ́. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní fún yín o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n ń lọ, ó di ẹ̀yìn òjò." Bẹ́ẹ̀ ni òun náà kọrí sí Ṣakí.

Nígbà tí mo ti ìpàdé dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò rí èèkàn kan ṣoṣo. Òjò ti rọ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, èrò àti ewúrẹ́ sì ti tẹ gbogbo ojú ọ̀nà mọ́ra. Orí mi gbóná. Mo ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, mo ń búra pé ẹni tó hú èèkàn ìjọba yóò sun àtìmọ́lé, títí mo fi dé àgbàlá Bàbá Ládòkun. Èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, orí wọn pupa dẹ̀dẹ̀, òwú yí wọn ká.

Bàbá Ládòkun ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ òfì. Mo dọ̀bálẹ̀ ná, kí n tó máa bínú mi lọ.

"Bàbá, èèkàn wo nìyí?"

"Ọlọ́run á san án fún ọ, Yẹ̀kínì," ó dáhùn. "Mo ti ń sọ fún wọn pé o kò ní gbàgbé àwa ahunṣọ. Wọ́n gún régé."

Kí a tó hun aṣọ, a ní láti ta òwú. A ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, a ó máa fa òwú gbà wọ́n lára ní àlọ àti àbọ̀, títí yóò fi pọ̀ tó. Bí ọmọ wọn tó jẹ́ káńsẹ́lọ̀ bá wá kan èèkàn tuntun mẹ́fà sójú ọ̀nà, kí ni ahunṣọ ìbá tún rò? Bàbá ta òwú aṣọ ìgbéyàwó Tàwàkálítù ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó hú èèkàn wọlé kí wọ́n má baà jí i.

Mo ṣàlàyé gọ́tà fún un. Mo dárúkọ Àwáwù.

"Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́," ló wí. "Gbé òwú Tàwàkálítù wá."

Ìgbà náà ni mo rántí. Bí Bàbá bá ń ta òwú, ìka tó tì bọ inú aró ló fi ń sàmì sí i níbi tí ó bá ti kan èèkàn kọ̀ọ̀kan; òwú yẹn mọ bí èèkàn kan ṣe jìnnà sí òmíràn tó. Ojú tì mí pé èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo gbàgbé.

"Bàbá, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀. Òwú funfun ni, aṣọ ìyàwó sì ni."

"Ọmọ mi kò ní torí aṣọ funfun jẹ́ kí ilé wó lu ẹlòmíràn. Gbé e wá."

Gbogbo àdúgbò jáde, a sì rí ihò àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. A mú orí òwú síbẹ̀, Àwáwù fúnra rẹ̀ sì fa òpin òwú náà lọ sí ìsàlẹ̀. Níbi tí àmì aró bá dé, a ó kúnlẹ̀, a ó fi ìka tú ilẹ̀ títí a ó fi kan ibi tó rọ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, eléwúrẹ́ àti elélùbọ́ forí korí. Ihò kẹfà wà ní etí odò, ní ẹ̀yìn ilé Àwáwù gan-an. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, èèkàn ti padà sí àyè rẹ̀, òwú ìyàwó sì ti pupa bí ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbẹ́ gọ́tà wa. Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò ńlá rọ̀ mọ́jú.

Láàárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kún bí ìṣe rẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ àkùkọ ti dé. Bàbá Ládòkun náà dé, ó ń bèèrè bóyá káńsù ti lo èèkàn yẹn tán. Àmọ́ ìdí òpó ṣófo. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ìgbà náà ni mo pàdé Àwáwù lọ́nà, ó ń wé gèlè bọ̀ kánkán.

"Ẹ má bínú, Baba Àsánì," ó ní. "Oorun ló gbé mi lọ. Láti ọdún tó kọjá, bí òjò bá ń rọ̀, n kì í sùn."