Okùn Ìbàdí Ọmọ́fẹ́

Okùn tó wà ní ìbàdí Ọmọ́fẹ́ tún fà, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó pòṣé sínú ike tó fi ń mí, ìfófòó sì sá gòkè lọ kọ lu àjà kọ́ńkéré.

Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, nínú táǹkì omi ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Olúyọ̀lé. Yàrá mẹ́ta ni táǹkì náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, omi kún wọn dé àjà, ihò kan tí kò ju fèrèsé ilé ìwẹ̀ lọ ló sì já yàrá kan sí èkejì. Nǹkan kan ti lọ dí ẹnu páìpù ní yàrá kẹta. Wọn kò lè fa omi náà gbẹ, torí páìpù tí ì bá fà á gan-an ló dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ọmọ́fẹ́ àti Akóredé.

Ọmọ́fẹ́ ló ń mòòkùn. Akóredé ló ń jókòó lókè, létí ihò, tó ń di okùn mú. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń béèrè pé ṣé àlàáfíà ni; kí Ọmọ́fẹ́ náà fà á padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ló yẹ kó máa béèrè. Àmọ́ Akóredé kò mọ mẹ́ta. Kí èèyàn tó yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti fà á.

Ọdún mẹ́ta rèé tí Ọmọ́fẹ́ ti ń fara da èyí. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà tó ti ń mòòkùn lọ tú àwọ̀n bàbá rẹ̀ tó bá há sísàlẹ̀ omi. Ta ló so okùn mọ́ ọn nígbà náà? Akóredé ní tirẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road ló ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ó sọ ọ́ láìtijú pé omi tó bá ṣókùnkùn ń ba òun lẹ́rù. Láàárọ̀ yìí náà, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Challenge, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ sílíńdà afẹ́fẹ́ Ọmọ́fẹ́ wò.

"Àǹtí, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ o," Akóredé ní.

"Aláìmọ̀wẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í débẹ̀."

Ọmọ́fẹ́ ti gba yàrá kejì kọjá dé ihò tó já sí yàrá kẹta, ó ti ki orí bọ̀ ọ́, ni okùn tún fà. Ó fà á sẹ́yìn, orí rẹ̀ sì gbá kọ́ńkéré. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó tó gẹ́ẹ́! Ó tú okùn náà kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó so ó mọ́ páìpù irin kan, ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àpò sìmẹ́ǹtì ló wà lẹ́nu páìpù náà. Ó rọra ń fà á díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè nǹkan kan. Nígbà tí àpò náà já bọ́, Ọmọ́fẹ́ rí ihò mìíràn lókè yàrá kẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn, ó sì gbà á jáde lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀. Oòrùn gún un lójú. Ó gbé àpò sí èjìká, ó yí ilé náà po, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá Akóredé wí.

Kò bá Akóredé. Sálúbàtà rẹ̀ ló bá létí ihò, àti okùn tó wọ inú omi lọ. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, máníjà ilé-iṣẹ́ náà, ká ọwọ́ lérí.

"Màdámù! Ṣé kì í ṣe inú ibẹ̀ lẹ wà ni? Ó ní okùn ti há, pé nǹkan ti ṣe yín. Ó ti wọlé!"

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Sílíńdà kékeré tó kù lókè ni Akóredé gbé wọlé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọ́fẹ́ ju àpò nù, ó bẹ́ sómi.

Ẹrẹ̀ ti rú. Ekukáká ló fi ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó tọ okùn dé ìdí páìpù irin. Akóredé kò sí níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri kiri títí ó fi kan ẹsẹ̀ èèyàn. Akóredé ti fi okùn sílẹ̀. Ó ń rákò nísàlẹ̀ táǹkì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkú Ọmọ́fẹ́ ló ń wá. Nígbà tó yíjú, ó kọ́kọ́ fọwọ́ pa ojú Ọmọ́fẹ́, ó pa èjìká rẹ̀, kó tó dì í mú.

Afẹ́fẹ́ Akóredé tán ní yàrá àkọ́kọ́. Ike ẹnu Ọmọ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì jọ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi yọrí.

Akóredé bì títí. Nígbà tó lè jókòó, Ọmọ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ta ló ní kí o wọlé? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Okùn kò dáhùn."

"Mo so ó mọ́ páìpù."

"Ẹ so ó mọ́ páìpù." Akóredé nu ẹnu. "Àǹtí, ẹ ti sú mi."

Ọmọ́fẹ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti sú mi. Màá fà á, ẹ ò ní dáhùn. Màá tún fà á, ẹ ò ní dáhùn. Ẹ bá gòkè tán, ẹ óò máa pòṣé lé mi lórí. Ṣé tí ẹ bá ń dá mi lóhùn, kí ni mo fẹ́ máa fà lemọ́lemọ́ fún?"

Kò tilẹ̀ pariwo. Ọmọ́fẹ́ ò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Òun tó rò pé òun nìkan ló ń mú sùúrù.

"Òfin ni pé bí okùn kò bá dáhùn, kí o ka ọgọ́rùn-ún kí o tó wọlé," ló rí sọ.

"Mo mọ̀."

"Mélòó lo kà?"

"Ogójì. Mi ò lè kà á débẹ̀."

Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, omi ti ń lọ. Máníjà ń dúpẹ́. Ọmọ́fẹ́ jókòó ti Akóredé lórí kọ́ńkéré gbígbóná. Ó ń wo ẹnu ihò náà bó ṣe dúdú tó, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ara rẹ̀, kó lè mọ bí ogójì ṣe gùn tó. Oókan. Eéjì. Ó dé eéjìdínlógún, kò lè kà á mọ́.