Fíláàṣì Tó Kán Lọ́rùn

“Ta ló ṣe fíláàṣì yìí báyìí?”

Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbé e sókè síbi iná. Ẹnu irin rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́nrán irin tín-ín-rín ló kù tó dì í mú.

Awakọ̀ kan ló gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sáré gba ọ̀rọ̀ sọ.

“Èmi ni, ọmọ mi. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ni báàgì mi bá gbá a níbi tó wà lára rédíò. Mo kàn gbọ́ kàù! Báàgì ọ̀hún gan-an, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀.”

“Kí ló wà nínú fíláàṣì yìí?”

“Orin,” ni awakọ̀ wí.

“Orin kẹ̀? Bọ̀dá, ẹ lọ ra òmíràn, ká kó orin sí i fún yín. Iṣẹ́ ara èyí lè fọ́ èèyàn lójú.”

Ó na fíláàṣì náà sí i. Awakọ̀ gbà á, ó sì dìde. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, á jẹ. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ, á máa lọ. Omijé kan ṣoṣo kò tíì jáde lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ kàn ṣófo ni, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

“Jókòó jàre!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á láṣọ. “Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Àbí o fẹ́ kí n kú sórí ọ̀rọ̀ yìí ni?”

Ó jókòó.

“Ohùn ìyàwó mi ni. Ó máa ń ṣe bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Á kó orin sí i fún mi, á wá máa dápàárá láàárín wọn, kí oorun má baà gbé mi lójú ọ̀nà. Fóònù tó fi gbà á sílẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sí níbòmíràn.” Ó wolẹ̀. “Ó ti kú.”

Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ mú un wá.”

Ó tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. “Ọpọlọ rẹ̀ kò fọ́. Ọrùn ló kán.” Ó gé wáyà àlòkù kan, ó bó orí rẹ̀, ó sì ń fi òjé gbígbóná lẹ àwọn okùn inú rẹ̀ mọ́ ara fíláàṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ má gbára lé tábìlì o. Bí ọ̀kan bá já, ó lè ya ojú ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò. Ó parí nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Awakọ̀ ń wo èéfín òjé bó ṣe ń lọ sókè.

Ó ti ẹnu kejì wáyà náà bọ ara kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà dún.

“Ó ṣí! Mo ti ń kó gbogbo rẹ̀ síbí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀kan, ká mọ̀ bóyá ó pé.”

Ohùn obìnrin kan bú jáde, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa kan ṣoṣo! Ìròyìn tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wá kí wa láti àná. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹnu wọn ò ti dákẹ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀, wọ́n sì lá abọ́ mọ́ tónítóní! Àdúrà wa ni pé kí wọ́n tètè rántí ilé wọn o.”

Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe sáré fẹ́ dá a dúró. “Mà, ẹ má bínú.”

“Yọwọ́ níbẹ̀!” Omijé ti ń dà lójú ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín sì ń mì í tọwọ́-tẹsẹ̀. “Jẹ́ kó sọ ọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ìyàwó mi, bú mi dáadáa!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu awakọ̀ náà. Kó tó mọ̀, ó ti di ẹkún, ẹkún gidi tó ń ti inú jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á mọ́ra.

“Ṣé kí n pa á, sà?”

Ó mi orí. Ó fi apá aṣọ nu ojú.

“Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.”