Aràn Eléyín Nínú Pálọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ jáde nílé nítorí aràn.

Ọkùnrin náà ní ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni iṣẹ́ òun. Ká má fi ọ̀rọ̀ ńlá da ara wa láàmú: aràn ló ń sìn nínú àwo pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ rẹ̀, ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́yìn kí àlejò lè ráyè jókòó.

“Aràn wo? Ti inú ikùn?”

“Rárá, mà. Ti inú ilẹ̀. Oríṣi méjì ni, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ń jẹun ẹ̀ jẹ́jẹ́. Èkejì léyín, ó ń bu aràn bíi tiẹ̀ jẹ.”

“Kí ló ṣe é?”

“Iṣan tó ń darí ìṣe ni, mà. Iye kan náà ló wà lọ́fun àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe so kọ́ra ló yàtọ̀.” Ó fa òwú lórí ẹ̀rọ. “Ẹ wò ó, òwú kan náà lẹ fi ń rán ṣòkòtò, òun náà lẹ fi ń rán bùbá.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó tì í, ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló bí aràn ọ̀hún. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọkùnrin yẹn ti panu dé. Ó tún ní: “Torí náà, mà, ẹ ò lè dá aràn lẹ́bi. Bí iṣan ẹ̀ ṣe so ló ṣe ń hùwà.”

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú rẹ̀. “Tó o bá wá na ọmọ mi lọ́la, iṣan ni?”

“Màmá!” ni ọmọ rẹ̀ kígbe.

Ọlọ́gbọ́n á ti búra pé òun ò ní nà án. Tiwa jókòó, ó ń ronú!

“Mi ò tíì ṣèwádìí ìyẹn, mà. Ṣùgbọ́n aràn eléyín kì í jẹ ọmọ tiẹ̀.”

“Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?”

“Kò níyàwó, mà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá ṣakọ, tó ń dá ṣabo.”

“Ó dáa. Ìwọ náà lọ ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lọ fẹ́ra ní kọ́ọ̀tù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kò nà án rí. Ẹni tó ń fi irun ìpéǹpéjú kan ṣoṣo gbé aràn kó má baà fara pa, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi na èèyàn? Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ títí, wọn ò dáhùn.

Nígbà tó yá, oníbàárà kan tó wá gba aṣọ ló kí ẹ̀gbọ́n mi kú ewu ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí. Ó ní ẹ ṣé. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin.