A Ti Gbọ́

Bí Afọlábí ṣe ń fi eyín ya ẹran ìgbẹ́, tí epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ni Mojírádé, tíṣà ilé ìwé ìlú, ti mọ̀ pé ọkùnrin náà kò bá ire wá sí Ìdí-Ọsàn. Àwọn obìnrin tó gún iyán fún un kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó jẹ tán, ó fi aṣọ tábìlì onílé nu ẹnu, ó gùfẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pe ìlú jọ. Ó ní àjọ tó rán òun wá láti Adó gbà pé ará ìlú fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ohun tí ìlú fẹ́ kò ṣòro. Afárá ni. Lọ́dún tó kọjá, odò Òjé gbé Ẹ̀bùn, ọmọ kíláàsì Mojírádé, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ka igi kan tó dá a dúró. Láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀wẹ̀: gbogbo Sátidé, ogójì ilé, ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan, wọn a ru òkúta àti iyanrìn wá sétí odò. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ. Ẹni tí kò bá wá, ojú ara rẹ̀ ni yóò tì í. Òkìtì náà ti ga ju ènìyàn lọ, ó ku sìmẹ́ńtì àti bíríkìlà.

"Ẹ ṣeun," Afọlábí wí. "Àmọ́ afárá kò sí nínú ètò ọdún yìí. Gbọ̀ngàn ìlú ló wà níbẹ̀, ẹ̀bá títì Emùré la ó sì kọ́ ọ sí, kí àwọn ọ̀gá lè máa rí i látinú mọ́tò. Òkúta yín yìí lẹ ó fi ti ètò lẹ́yìn. Ètò yín ni o, kì í ṣe tèmi."

Ẹ wo ìwàkiwà! Kí ènìyàn bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́, kó o sọ ọ́, kó wá fi ohun tó ti kọ sínú pépà látilé dá ọ lóhùn.

Bàbá Elijah, àgbà ìlú, dìde. "A ti gbọ́," ó wí. Gbogbo ìjókòó bá dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ, wọ́n ń lọ sílé.

Ní Ìdí-Ọsàn, wọn kì í kọ̀ fún àlejò lójú. Bí àgbà bá ní "a ti gbọ́" tí kò fi nǹkan kan tì í, ọ̀rọ̀ ti tán, kí àlejò wá ọ̀nà ilé ni. Mojírádé mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, ọdún mẹ́rin ló ti fi ń ṣe akọ̀wé ìpàdé wọn.

Afọlábí ti fọ́ọ̀mù sí i níwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn. "Tíṣà, kọ ọ́ pé wọ́n gbà."

"Wọn ò gbà, sà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀? Ṣebí Ìkẹ́rẹ́ lọkọ rẹ àti ọmọ rẹ wà? Mo mọ ẹni tó ń ṣe tiránsífà."

Mojírádé kọ ọ́ pé wọ́n gbà. Ó buwọ́ lù ú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé pépà lásán ni, pé ta ni yóò kà á. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, típà mẹ́ta dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta. Nígbà tí Bàbá Elijah béèrè ẹni tó rán wọn, dírẹ́bà na fọ́ọ̀mù sí i. Bàbá kò mọ̀wé, ó gbé e fún Mojírádé kó kà á. Ó kà á sókè: ìlú Ìdí-Ọsàn gbà tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó ká pépà náà.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Uṣẹ́ oṣù mẹ́fà," bàbá wí. "Tíṣà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ tí ìwọ kò gbọ́." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mojírádé gbé báàfù lọ sétí odò fún ọ̀wẹ̀. Ẹnì kankan kò wá. Oníkálùkù ti gba oko ara rẹ̀ lọ. Ó nìkan ṣa òkúta títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ara rẹ̀ sì ń kó o nírìíra bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́tà tiránsífà dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Òjò ti rọ̀, odò ti kún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó ń ro bí òun yóò ṣe gbé ẹrù sọdá. Ogójì ilé ló dúró níta. Kò sẹ́ni tó kọrin. Wọ́n ru àpótí, wọ́n ru sítóòfù, Bàbá Elijah fúnra rẹ̀ ru mátírẹ́ẹ̀sì. Omi mù wọ́n dé àyà. Wọ́n to ẹrù náà sí ẹ̀bá títì dáadáa.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà," bàbá wí. Fún ọdún mẹ́rin, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, àlejò ló máa ń fi í bá sọ̀rọ̀. Wọ́n sì yí padà kí ọkọ̀ tó dé.